Fèrè Dáàmù Tí Kò Dé Ìjàrẹ́mọ

Ẹ̀yin ọmọ Ìjàrẹ́mọ tí ó wà ní Èkó, ẹ kú ìjókòó. Èmi Theophilus Adéríbigbé, akọ̀wé yín láti ọdún mọ́kànlá, ni mo dìde yìí. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù tó kọjá. Mo bẹ alága pé kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka èyí kí a tó ṣe ohun mìíràn, kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó gbà fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ti pinnu pé n ó gbé e dé sàréè. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti ṣáájú mi lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yìí, kò sì sí ẹni tí mo tún ń fi í pamọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró títí n ó fi kà á tán. Bí ẹ bá dá mi dúró, mi ò mọ̀ bóyá n ó lè padà sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a bí sí Èkó níbí lè má mọ dáàmù wa dáadáa. Àwọn òyìnbó tí ń wa góòlù nígbà kan ni wọ́n kọ́ ọ sórí odò Àwẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí iná fi ṣiṣẹ́. Góòlù tán, òyìnbó lọ, dáàmù kù. Iléeṣẹ́ tí ó gbà á lọ́wọ́ wọn ni mo bá ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì wọn wà ní Yábàá, èmi sì ni olórí sítọ́ọ̀ wọn níbẹ̀. Dáàmù náà ti gbó kí n tó mọ̀ ọ́n. Ògiri rẹ̀ ń sun omi ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n á rẹ́ ẹ, á tún sun. Ilẹ̀kùn irin mẹ́rin ni ó ní, tí wọ́n máa ń fi ẹ̀wọ̀n fà sókè bí omi bá kún jù, kí agbára omi má baà bi ògiri náà wó. Ìlú wa wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò tó máìlì kan. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń ṣe. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n sì tún tì í, omi á fà kúrò lórí àpáta, ẹja á há sínú àwọn kòtò tó wà láàárín àpáta. Obìnrin àti ọmọdé á gbé igbá àti agbọ̀n, wọ́n á lọ pèéṣẹ́ ẹja. Láti ìgbà òyìnbó ni a ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó kú sí i, nítorí pé fèrè ńlá kan wà lórí dáàmù tí ń fi iná ké, èyí tí a ń pè ní sáírìn. Bí ó bá ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni tí ó wà lórí àpáta á sáré gòkè, ẹja ìbáà kún agbọ̀n rẹ̀ tàbí kó má kún.

Ní ọdún 1984, fèrè náà jóná. Dàda, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn dáàmù nígbà náà. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ ni èmi àti òun, oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ odò náà tó o. Ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn ti gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rí, ó sì dá àpá sí ojú ìka náà, tí ó là á sí méjì bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ la obì. Nígbà tí fèrè jó, Dàda kò jókòó kí ó máa ráhùn. Kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn, á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, á pariwo kiri, á lé gbogbo ènìyàn kúrò lórí àpáta, á tún gun kẹ̀kẹ́ padà lọ fa ẹ̀wọ̀n. Àwọn ìyá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Dàda, ṣé ẹja bàbá rẹ ni a ń kó ni?” Òun náà á dá wọn lóhùn pé, “Màmá, ẹja á tún wá. Ẹ̀yin tí omi bá gbé, ẹ ò ní í tún wá.” Ọdún mẹ́ta ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí omi gbé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, fèrè tuntun dé láti òkè òkun. Èmi ni mo gbà á ní Àpápá, èmi ni mo gbé e kalẹ̀ sí sítọ́ọ̀ wa ní Yábàá, nínú àpótí onípákó. Lọ́rì tí yóò gbé e lọ sí Ìjàrẹ́mọ kò ní táyà. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ. Nígbà tí ọdún Àjíǹde dé, Dàda wá kí àbúrò rẹ̀ ní Surulere, ó sì yà sí ọ́fíìsì mi. Mo fún un ní mínírà mu. Ó ní, “Theo, má gbàgbé fèrè wa o. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ kẹ̀kẹ́ mọ́.” Mo fi àpótí náà hàn án láti ẹnu ọ̀nà, mo ní bí lọ́rì bá ti ní táyà, òun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ wọ mọ́tò rẹ̀ padà sílé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Teslim wá bá mi. Teslim ni ó ń gbé òkè ilé wa, ọmọlúàbí ni, ẹni tí kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi láìbéèrè àlàáfíà. Fóománù ni ní iléeṣẹ́ kan tí ń hun aṣọ ní Mushin. Ó jókòó sí ìloro mi, ó di orí mú. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti dáràn. Èmi ni mo so wáyà mọ́ wáyà, mo jó fèrè iléeṣẹ́ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pẹ́ dé, máníjà ní bí èyí bá fi lè di oṣù tó ń bọ̀, kí n máa lọ sílé. Ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.” Mo ní kí wọ́n ra òmíràn. Ó ní, “Wọ́n ti kọ̀wé sí òkè òkun, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá. Ẹ̀yin ní ọ̀kan tó ń sùn ní sítọ́ọ̀ yín. Ẹ yá mi, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Lọ́rì yín gan-an ò tíì ní táyà.” Mo bi í pé ta ní sọ fún un pé lọ́rì wa ò ní táyà. Ó ní, “Gbogbo Yábàá ló mọ̀.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé owó ni mo jẹ. Àánú ni ó ṣe mí. Mo sì wí nínú ara mi pé dáàmù tí ó ti dúró láti ìgbà òyìnbó kò ní í ti ìtorí ọ̀sẹ̀ méjì wó. Ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ lé àpáta yẹn rí ni ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi sì nìyí, wọ́n bí mi sí Ìjàrẹ́mọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́rin. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n rí ìwé àṣẹ tí wọ́n máa fi kó ọjà wọlé. Ní gbogbo àárọ̀, ní aago méje, mo máa ń gbọ́ fèrè náà láti Mushin bí mo bá ń fá irùngbọ̀n mi ní Surulere. Nígbà tí ó yá, iléeṣẹ́ wa kéde pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ gbogbo ẹrù sítọ́ọ̀ wò. Mo rí i pé àyè àpótí náà ṣófo. Nígbà náà ni mo mú ìwé tí a fi ń kó ẹrù jáde, mo kọ ọjọ́ tí Dàda wá kí mi sí i, mo kọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó wá gbé fèrè náà lọ nítorí pé kò sí lọ́rì. Dàda kò mọ ìwé kọ, ìka ni ó yẹ kí ó tẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. Mo tẹ àtàǹpàkò ara mi sínú tàdáwà, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí orúkọ Dàda wà. Mo fi ọṣẹ fọ ìka náà, kò tètè mọ́. Mo ní bí Teslim bá ti dá fèrè padà, n ó fi í ránṣẹ́ sí dáàmù wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi Dàda léèrè, àna mi ni, n ó ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é ní ìlú wa, àna kì í tú àṣírí àna lójú àlejò. Ìyẹn ni mo gbójú lé. Ṣùgbọ́n mi ò bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó wá yẹ ẹrù wò ka ìwé náà, wọ́n fi àmì sí i, wọ́n lọ. Ìwé àṣẹ tí àwọn Teslim ń retí kò jáde, fèrè wa sì dúró sí Mushin. Mo gbàgbé ìka náà. Òtítọ́ ni, mo gbàgbé rẹ̀ fún ọdún kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Ajé, wọ́n tì í ní ìdájí. Oòrùn mú ní Ìjàrẹ́mọ lọ́jọ́ náà, orí àpáta sì kún fún ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé òjò ńlá ti rọ̀ ní òkè odò. Ní ọ̀sán, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tí ń sun omi láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde bí omi ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnjiníà tí ó wà níbẹ̀ kígbe pé, “Dàda, ṣí gbogbo rẹ̀!” Dàda ní, “Ènìyàn wà nísàlẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ lé wọn.” Ẹnjiníà ní, “Kí o tó dé ọ̀hún, ògiri á ti lọ. Ṣé àwọn tó wà lórí àpáta lo fẹ́ gbà là ni, àbí gbogbo ìlú?” Dàda fa ẹ̀wọ̀n. Ó fa ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó fa èkejì, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ó bẹ́ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé e ṣubú ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ sáré. Ohùn rẹ̀ kò ju ariwo omi lọ. Ogún ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ gòkè. Márùn-ún kò gòkè. Ẹni tí ó kéré jù nínú wọn ni Saidat, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ-ọmọ ìyá tí ó wẹ Sẹ̀gilọlá ìyàwó mi nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Ògiri kò wó. Ẹ rántí èyí. Ìdí tí Ìjàrẹ́mọ fi wà lónìí ni pé Dàda fa ẹ̀wọ̀n. Ìdí tí ènìyàn márùn-ún fi kú ni pé fèrè tí títẹ bọ́tìnì kan péré ì bá mú ké kò sí níbẹ̀. Ó wà ní Mushin, ó ń pe àwọn aláṣọ híhun sí iṣẹ́.

Mo ń ka bóòtì tí a fi ń de ẹ̀rọ sínú àpò nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi ní ọ́fíìsì. Mo kà á tán. Ọgọ́ta ni. Lẹ́yìn náà mo jókòó. Mi ò sunkún, àyà mi kò sì já. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí mi létí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe wà láti ọjọ́ náà títí di òní. Nígbà tí mo délé, Teslim ti ń dúró dè mí ní ìloro. Ó ti gbọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo yá a. Kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́.” Mo sọ fún un pé ìwé ti wí pé fèrè ti dé dáàmù láti ọdún tó kọjá, bí wọ́n bá rí i ní Mushin, ẹ̀wọ̀n ni àwa méjèèjì ń lọ. Ó ní, “Ènìyàn márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n.” Mo ní, “Ṣé fèrè ni yóò jí wọn?” Ó gun òkè lọ. Kò tún jókòó ní ìloro mi mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1993. Mo dárúkọ rẹ̀ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé ó fẹ́ sọ òtítọ́, èmi ni mo dí i lẹ́nu.

Iléeṣẹ́ wa gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí. Ní Yábàá ni wọ́n jókòó sí, nínú yàrá tí a ti ń ṣe ìpàdé. Wọ́n pe Dàda wá láti ilé. Ó wọ agbádá tí ó fi gbé ìyàwó. Olórí wọn ka ìwé náà sókè, ó ní, “Ìwọ lo gba fèrè yìí ní ọdún Àjíǹde èṣín?” Dàda ní, “Rárá o, sà. Mo lọ kí àna mi, ó fún mi ní mínírà mu, mo rí àpótí kan lókèèrè, mo padà sílé.” Wọ́n ní, “Ìka ta wá nìyí?” Wọ́n gbé ìwé náà fún un. Ó gbà á, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ìka mi kọ́ nìyí.” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìwọ tí o ò lè ka orúkọ ara rẹ, ìka lo wá mọ̀ kà?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí Dàda na ọwọ́ rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá wo ìka rẹ̀, wọn ì bá rí àpá, wọn ì bá sì rí i pé kò sí àpá nínú ìwé. Èmi mọ̀, mo sì jókòó síbẹ̀. Olórí wọn yíjú sí mi. “Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé, ṣé o fi lé e lọ́wọ́?” Dàda náà yíjú sí mi. Ara rẹ̀ balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti dé. Ó rò pé mo fẹ́ gba òun sílẹ̀ ni. Mo ní, “Ó wà nínú ìwé, sà.” Dàda ní, “Theo.” Wọ́n parí rẹ̀ sí pé ó gbé fèrè náà tà ní Èkó. Wọ́n lé e láìfún un ní ohunkóhun.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó kù. Ní ìpàdé oṣù kejìlá ọdún náà, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́. Èmi ni mo kọ ìwé tí a fi sọ fún un. Mo kọ ọ́ dáadáa, alága ìgbà náà yìn mí fún bí mo ti kọ ọ́. Ìlú lé e. Ó wá sí Èkó, ó wá sí ilé wa. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì ní pálọ̀. Sẹ̀gilọlá dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ó wọlé. Dàda na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. “Sẹ̀gi, wo ìka mi. Ṣáà wò ó.” Sẹ̀gilọlá ní, “Kí ni kí n fi ìka rẹ ṣe? Saidat lo pa. Ìyá wọn ni ó wẹ̀ mí o, Dàda. Ojú wo ni kí n fi wò wọ́n nílé?” Dàda ní, “Mi ò tà á.” Sẹ̀gilọlá ní, “Ọkọ mi rí ìwé náà. Ṣé ọkọ mi ni yóò purọ́ mọ́ ọ?” Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá bá mi ní pálọ̀, ó ní, “Ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kí ẹ bá a wá iṣẹ́.” Ìyàwó mi ni ó ń bẹ̀ mí. Mo ní kò sí nǹkan.

Dàda rí iṣẹ́ gáàdì ní ọgbà àwọn tí ń ta pákó ní Mushin, kò jìnnà sí iléeṣẹ́ aláṣọ yẹn. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé òun náà ń gbọ́ fèrè náà ní gbogbo àárọ̀, títí iléeṣẹ́ náà fi kógbá sílé? Láti ibẹ̀ sí ilé wa, ogójì ìṣẹ́jú ni bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn. Sẹ̀gilọlá kò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pàdé ní ọjà Tejúoṣó nígbà kan, ó gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún, bí ó bá ti ń bu oúnjẹ, mo máa ń rí i tí ó máa gbé abọ́ kan tí ó lé lórí iye wa, á dúró, á dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo máa ń yíjú sí ìwé ìròyìn mi.

Jẹjẹrẹ ni ó mú un. Wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Motọ́lání ọmọ wa ti jáde lọ ra oògùn, èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Ó pè mí. “Bàbá Motọ́lání.” Mo ní mo wà níbí. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ rí ìwé yẹn. Èmi ò rí i rí.” Mo ní ìwé wo. Ó ní, “Ìwé fèrè.” Ó sinmi díẹ̀. “Ìka Dàda ní àpá. Ẹ̀wọ̀n dáàmù ló gé e. Ọjọ́ tí ó wá yẹn, tí ó ní kí n wo ìka òun, mi ò wò ó. Mo ti ń rò ó láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ìka tó wà nínú ìwé yẹn, ṣé ó ní àpá?” Mo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Nítorí bí kò bá ní àpá, ẹ bá mi ránṣẹ́ pè é. Mushin ò jìnnà. Mo fẹ́ kí ó wá jókòó tì mí.” Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Kò sí ìgbìmọ̀ mọ́, Teslim ti kú, kò sí ẹni tí yóò mú mi. Kò sí ohun tí n ó pàdánù mọ́, àfi ojú tí ó fi ń wò mí. Nítorí ojú yẹn, mo ní, “Ó ní àpá. Mo rí i.” Ó ní, “Ó dáa.” Ó yí ara rẹ̀ sí ògiri. Kò tún bi mí léèrè. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni ó kú.

Fèrè tí mo yá Teslim, mo lè rí àwáwí fún un. Ìka tí mo tẹ̀, ẹ̀rù ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ìgbìmọ̀, ẹ̀rù náà ni. Ṣùgbọ́n èyí, mi ò rí orúkọ tí mo lè pè é. Obìnrin tí ó fún mi ní ọdún méjìlélógójì ayé rẹ̀ tọrọ ohun kan ṣoṣo, ó wà ní ìrìn ogójì ìṣẹ́jú sí wa, mo sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dù ú. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní itẹ́ òkú Àtán, Dàda wá, ó dúró sí ẹnu géètì. Ọ̀kan nínú yín sọ fún un pé kí ó má wá dójú ti òkú. Mo gbọ́ ọ. Mo da erùpẹ̀ tèmi, mo gbọn ọwọ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo lọ bá a ní Mushin. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó ń jẹ ẹ̀pà sísè. Ó ní, “Ta ló tún kú?” Mo ní kò sí ẹni tó kú. Ó ní, “Kí lo wá ṣe nígbà náà?” Mo fa ìwé tí mo ń kà yìí yọ. Ó ní, “Mi ò kàwé. Ó yẹ kí ó ti yé ìwọ ju ẹnikẹ́ni lọ.” Mo ní mo wá kà á fún un ni. Mo kà á ní ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi ikú Sẹ̀gilọlá. Bí ayùn bá ti ń ké pákó, mo máa ń dúró títí yóò fi dákẹ́, kí n tó máa bá a lọ. Mo kà á parí. Ó wá ní, “Ó ní kí n wá jókòó ti òun?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ló wí. Ó ní, “Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó da èèpo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ nù. “Mo ti rìn dé ẹnu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí mo gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Mo máa ń rò pé bí mo bá wọlé, inú á bí i, àìsàn á le sí i. Mo bá padà.” Mo dọ̀bálẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó. Ó ní, “Dìde. Àwọn oníbàárà ń bọ̀.” Mo dìde. Mo sọ fún un pé n ó da ìwé náà kọ, n ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo àgbà ẹgbẹ́. Nígbà yẹn ni inú bí i fún ìgbà àkọ́kọ́. “Má kọ ìwé kankan sí ẹnikẹ́ni! Ìwé ni o fi pa mí. Lọ fi ẹnu rẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́, kí wọ́n máa wò ọ́ lójú.”

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síwájú yín. Mo ń kà á nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá sọ ọ́ láìwo ìwé, n ó fo àwọn ibi tí kò dára. Apá tí ó kẹ́yìn yìí, àná ni mo kọ ọ́. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Motọ́lání. Ó gbọ́ ọ tán, ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì tíì padà. Ní ọ̀la n ó lọ bá àwọn tí ó ni dáàmù nísinsìnyí, n ó tẹ ìka mi síwájú wọn kí wọ́n fi wé ti inú ìwé. Ohun tí òfin bá fẹ́ fi mí ṣe, kí ó ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún yín. Irọ́ tí ẹ bá fi òǹtẹ̀ lù yóò pẹ́ láyé ju ẹni tí ẹ pa á mọ́ lọ. Ẹ̀yin àgbà, dáàmù náà ṣì wà lókè ìlú. Ògiri rẹ̀ ṣì ń sun omi. Títí di òní kò sí fèrè lórí rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ṣì ń pèéṣẹ́ ẹja. Kí ẹgbẹ́ yìí tó tún dá ohunkóhun sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀nà tí fèrè yóò fi débẹ̀. Ìdáríjì tèmi kò kánjú. Àwọn tí ó ni í ni ìdílé márùn-ún tí ó wà nílé, n ó sì lọ kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá gbà kí n wọlé.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín lónìí. Dàda sọ pé òun yóò wà lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ yìí ní aago mẹ́rin. Mo ní kí ó bá mi wọlé, ó kọ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n lé jáde kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe èmi ni ó yẹ kí n lọ pè é. Kí ọ̀kan nínú yín dìde, kí ó jẹ́ àgbà, ẹ má rán ọmọdé sí i. Bí ó bá wọlé, ẹ má wá àga kiri. Mo ti dìde lórí tèmi.